Táyà wo ló yẹ fún eré ìdíje ọkọ̀ ní Abidjan? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó

Bí ọkọ̀ ṣe wù kó lágbára tó, táyà mẹ́rin péré ló ń kan ilẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti ń kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ni gbogbo iṣẹ́ ẹnjìnnì, bíréèkì àti sítíárìn ń gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ sá eré ìdíje, ìbáà ṣe fún fàájì lásán, níbẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ ìnáwó rẹ̀, kì í ṣe lára ẹnjìnnì.

Ní Abidjan, ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe rí ní Paris tàbí London lọ. Ooru ibẹ̀ kì í dẹwọ́, òjò ibẹ̀ kì í ṣe òjò eré, ọ̀pọ̀ táyà tó wà lọ́jà ló sì ti lo ọdún púpọ̀ ní Yúróòpù kó tó dé èbúté. Nítorí náà, táyà tó dára jù lọ lórí ìwé lè jẹ́ èyí tí yóò já ẹni kulẹ̀ jù lọ lójú ọ̀nà.

Ilẹ̀ rọ́bà, ilẹ̀ eré ọkọ̀

Kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní Áfíríkà tó ń pèsè rọ́bà inú igi tó Côte d'Ivoire. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Dabou jáde ní Abidjan yóò rí igi rọ́bà tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, pẹ̀lú ife kékeré tí wọ́n so mọ́ ara igi láti gba oje funfun rẹ̀. Michelin, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ táyà, ní ìpín nínú SIPH, ilé iṣẹ́ tó ni oko rọ́bà ńláńlá níbẹ̀. Síbẹ̀, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rọ́bà yìí ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pò ó mọ́ rọ́bà àtọwọ́dá, ẹ̀lú èédú, imí ọjọ́, aṣọ àti wáyà irin, kó tó padà wá gẹ́gẹ́ bíi táyà olówó ńlá. Nàìjíríà náà mọ ìkorò irú òwò yìí: Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, Dunlop tó wà ní Ìkẹjà sì tẹ̀lé e láìpẹ́.

Eré ìdíje ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ náà. Ọdún 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Rallye Bandama, tí wọ́n fi orúkọ odò ńlá kan ní orílẹ̀-èdè náà pè. Lọ́dún 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí eré náà láàárín àkókò tí wọ́n fún wọn. Láti 1978 títí di 1992, ó wà lára eré tí wọ́n ń kà fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Jean-Pierre Nicolas fi Porsche 911 gbà á lọ́dún 1978, Hannu Mikkola fi Mercedes 450 SLC gbà á lọ́dún 1979, Kenjiro Shinozuka ọmọ Japan sì fi Mitsubishi Galant gbà á lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ní 1991 àti 1992.

Ẹ wo Mercedes yẹn dáadáa. Ọkọ̀ ńlá tó wúwo ni. Kì í ṣe òun ló yára jù lọ láyé nígbà náà, àmọ́ ó lè fara da ilẹ̀ pupa, ẹrẹ̀ àti kòtò fún ọ̀pọ̀ wákàtí láì túká. Ohun tí Bandama ń bu ọlá fún ni ọkọ̀ àti táyà tó lè délé. Ìwà yẹn wúlò fún ẹni tó ń ra táyà ní Abidjan lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí títì ọlọ́dà ni eré tirẹ̀ yóò ti wáyé, tí kò sì ní ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Autocross àti eré orí pápá kì í ṣe ohun kan náà

Autocross ni eré tí wọ́n ń fi kóònù la ọ̀nà rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa tó tẹ́jú, bíi ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá tó ṣófo. Àwọn tó ń sọ èdè Faransé máa ń pe irú rẹ̀ ní slalom. Ọkọ̀ kan ló ń sáré lẹ́ẹ̀kan, aago ló sì ń bá díje. Kì í sábà ju bíi ìṣẹ́jú kan lọ, iyára rẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti ojú títì márosẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kọ́nà ni ṣáá, ọ̀kan kò tíì tán tí òmíràn yóò fi dé. Ẹni tó bá ṣìṣe, kóònù ni yóò gbá.

Eré orí pápá ìsáré yàtọ̀. Ọkọ̀ lè wà lórí ìrìn fún ogún ìṣẹ́jú láì dúró, yóò ti iyára gíga tẹ bíréèkì lójijì, yóò yí kọ́nà gígùn tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ yóò fi dà sórí táyà ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá ṣìṣe níbẹ̀, ògiri ló lè gbá.

Ìyàtọ̀ yìí ló ń yan táyà. Autocross ń fẹ́ táyà tí yóò di ilẹ̀ mú láti orí kọ́nà àkọ́kọ́, nítorí kò sí àyè láti dúró dè é kó gbóná. Eré orí pápá ń fẹ́ táyà tó lè gbóná gan-an láì yọ́, láì gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, láì sọ agbára rẹ̀ nù ní ìdajì eré. Ní Yúróòpù, àwọn eléré autocross máa ń ṣe wàhálà láti mú táyà gbóná láàárọ̀. Ní Abidjan, ojú ọ̀dà tó wà nínú oòrùn ọ̀sán lè gbóná kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà wàhálà ibẹ̀ ni bí táyà kò ṣe ní gbóná jù. Ìdí nìyí tí àwọn eléré ní ilẹ̀ olóoru fi máa ń wọ́n omi sí táyà láàárín eré kan sí òmíràn. Ìgò omi tí wọ́n ń fi fín òdòdó ti tó fún iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: kò sí táyà tó sọ Boulevard Valéry Giscard d'Estaing tàbí afárá Henri Konan Bédié di pápá ìsáré ní òru. Ní Côte d'Ivoire, FISAM ni àjọ tó ń bójú tó eré ìdíje ọkọ̀ àti alùpùpù, ọ̀dọ̀ wọn ló sì yẹ kí ẹni tó ń wá eré tó bófin mu ti béèrè. Àṣíborí tó péye ṣáájú táyà nínú ìnáwó náà.

Ohun tí ẹ̀gbẹ́ táyà ń sọ

Ẹ ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí ẹ ka ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ yín. Ká sọ pé ẹ rí 205/55 R16 91V. 205 ni fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà. 55 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. R ń tọ́ka sí bí wọ́n ṣe hun wáyà inú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, ọ̀nà tí Michelin gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1946 tí gbogbo ayé sì ń lò báyìí. 16 ni ìwọ̀n rìmù ní íńṣì. 91 ni àmì ẹrù: táyà náà lè ru kìlógíráàmù 615. V ni àmì iyára, ìyẹn kìlómítà 240 ní wákàtí kan. H jẹ́ 210, W jẹ́ 270, Y jẹ́ 300.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àmì iyára kò kan ẹni tí kò lè sá eré tó 150. Ó kàn án. Táyà tí wọ́n kọ W sí lára ni wọ́n ṣe kó lè fara da ooru tó ju ti èyí tí wọ́n kọ T sí lọ, ooru ni ọ̀tá wa níbí. Àmì ẹrù náà ṣe pàtàkì bákan náà. Ẹni tó bá yọ táyà 91 kúrò, tó fi èyí tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó rí ẹwà rẹ̀, ó ti dín agbára tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà béèrè fún kù.

Ẹ̀gbẹ́ táyà tó kúrú kì í tẹ̀ púpọ̀ nínú kọ́nà, sítíárìn yóò sì máa dáhùn kíákíá. Èyí dùn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Lójú ọ̀nà tí kòtò wà, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú yìí kan náà ni yóò jẹ́ kí rìmù tẹ̀, tí wáyà inú táyà yóò sì já láì jẹ́ pé ojú rí i. Bí ọkọ̀ kan náà lẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti Yopougon sí Plateau lójoojúmọ́, ẹ má ṣe fi ìwọ̀n rìmù kún ju bó ṣe yẹ lọ nítorí ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo nínú oṣù.

Nọ́mbà 200 tí àwọn eléré ń sọ

Lára táyà tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ óò rí ọ̀rọ̀ náà Treadwear pẹ̀lú nọ́mbà kan. Nọ́mbà yìí ń sọ bí ojú táyà ṣe máa ń tètè jẹ tó, tí a bá fi wé táyà àwòṣe kan tí wọ́n fún ní 100. Bí nọ́mbà bá ṣe kéré tó ni rọ́bà náà sábà máa ń rọ̀ tó, tó sì máa ń di ilẹ̀ mú tó. Táyà ọkọ̀ ilé lásán lè ní 400 sí 700. Michelin Pilot Sport 4S ní 300. Pilot Sport Cup 2 ní 240. Yokohama Advan A052, Hankook Ventus RS4 àti Bridgestone Potenza RE-71RS ní 200. Toyo Proxes R888R, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti orí pápá pátápátá, ní 100.

Ìdí tí 200 fi di gbajúmọ̀ ni pé SCCA, àjọ tó ń ṣètò autocross ní Amẹ́ríkà, sọ pé táyà ọ̀wọ́ ọkọ̀ ojú títì kò gbọdọ̀ ní nọ́mbà tó kéré sí i. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà tó dúró gan-an sórí ààlà náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń fún un ní nọ́mbà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, 200 ti ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ẹgbẹ́ 200 ti òmíràn. RS4 máa ń pẹ́, ó sì máa ń fara da ooru. A052 máa ń di ilẹ̀ mú bí ẹni fi àtè lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹ, ó sì tètè ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Fún Abidjan, bí àwọn méjèèjì bá wà níwájú wa, RS4 la óò kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Táyà ọjà Yúróòpù lè má ní nọ́mbà yìí rárá. Dípò rẹ̀, ìwé àlẹ̀mọ́ kan wà tó ń fi lẹ́tà A dé E sọ bí táyà ṣe ń dúró lórí ilẹ̀ tútù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tajà ya ìwé náà dànù kí ẹ tó kà á.

France au revoir: ọjọ́ orí táyà ṣe pàtàkì ju ojú rẹ̀ lọ

Ohun tí Yorùbá ń pè ní tókunbọ̀ ni àwọn ará Abidjan ń pè ní France au revoir. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí ìdílé wọn ti ń gbé Treichville àti Adjamé láti ìran dé ìran gbọ́ orúkọ méjèèjì. Láti ọdún 2018, òfin Côte d'Ivoire kò gba kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ti ju ọdún márùn-ún lọ wọlé fún ìlò. Ọjọ́ orí ọkọ̀ ni òfin yẹn ń wò; ọjọ́ orí táyà, ẹni tó ń rà á ni yóò wò ó.

Ọ̀nà láti wò ó kò le. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá lẹ́tà DOT, kí ẹ tẹ̀lé e dé nọ́mbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ kò bá rí nọ́mbà mẹ́rin náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ yí i padà, ó lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá ti há a kúrò, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Iṣẹ́ fọkanáísà gba orúkọ rẹ̀ láti ara ọ̀nà tí Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà ṣàwárí lọ́dún 1839, nígbà tó fi imí ọjọ́ àti ooru mú kí rọ́bà le, kó sì máa nà láì já. Ooru ló sọ oje igi di táyà. Ooru yìí kan náà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ àti oòrùn, kò dá iṣẹ́ dúró lẹ́yìn tí táyà kúrò ní ilé iṣẹ́: díẹ̀díẹ̀ ni rọ́bà ń le sí i, títí tí yóò fi máa sán. Táyà tó ti wà fún ọdún mẹ́jọ, tí ìlà ojú rẹ̀ sì jìn bíi tuntun, lè jẹ́ èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ rìn, tí ó kàn jókòó. Inú rẹ̀ ti gbẹ. Nínú kọ́nà, yóò yọ̀ láì kìlọ̀. Michelin ní kí àwọn tó ń mọ̀ nípa táyà máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má sì lò ó kọjá ọdún mẹ́wàá. Ní Nàìjíríà, àjọ FRSC máa ń sọ ọdún mẹ́rin. Fún eré ìdíje nínú ooru bíi ti Abidjan, ọdún mẹ́rin yẹn la gbà gẹ́gẹ́ bí òpin.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó rántí Paul Walker, òṣèré fíìmù Fast & Furious. Ọjọ́ 30, Oṣù Kọkànlá, ọdún 2013 ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Roger Rodas, tó wà ní ìdí ọkọ̀, kú nínú Porsche Carrera GT ní Santa Clarita, ní California. Àwọn ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí sọ pé eré àsápajúdé ló fà á, láàárín kìlómítà 130 sí 150 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tí òfin rẹ̀ kò ju 72 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún sọ pé táyà ọkọ̀ náà ti tó bíi ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ olówó iyebíye ni, ẹni tó wà ní ìdí rẹ̀ sì mọ ọkọ̀ wà.

Nílé wa níbí, ní ọjọ́ 6, Oṣù Kẹta, ọdún 2016, James Ocholi, mínísítà kékeré fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọkùnrin rẹ̀ lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja. FRSC ní táyà ẹ̀yìn ló fọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Táyà ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ti lò sì wà lára ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbà láàyè kó wọlé.

Ohun mẹ́ta mìíràn wà tí àwọn ọlọ́jà tókunbọ̀ kì í sọ. Àkọ́kọ́ ni pé táyà ìgbà òtútù pọ̀ láàárín wọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ óò rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí wọ́n ya yìnyín sínú rẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀ nítorí yìnyín. Nínú ooru Abidjan, ńṣe ni yóò máa mì lábẹ́ ọkọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí kò jiná, bíréèkì yóò sì gùn. Ìkejì ni ihò tí wọ́n ti lẹ̀ láti inú, tí ojú kò lè rí nígbà tí táyà bá wà lórí rìmù. Ìkẹta ni ìlà tí wọ́n fi irin gbígbóná gbẹ́ sí ojú táyà tó ti jẹ tán. Ẹ fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ìlà náà. Bí ẹ kò bá bá òkìtì kéékèèké tó máa ń fi ìwọ̀n 1.6 mìlímítà hàn, ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ, rọ́bà tó kù lórí wáyà kò sì nípọn mọ́.

Òjò tí yóò bá yín lọ́nà ilé

Ọ̀pọ̀ eléré àkọ́ṣe máa ń yan táyà fún eré, wọ́n á gbàgbé ọ̀nà ilé. Ní Abidjan, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi Oṣù Kẹrin títí dé Oṣù Keje, Oṣù Kẹfà ló sì le jù. Òjò kékeré tún máa ń padà ní Oṣù Kẹwàá àti Oṣù Kọkànlá. Omi Oṣù Kẹfà ọdún 2018 gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìlú náà láàárín òru kan. Irú òjò bẹ́ẹ̀ kì í béèrè bóyá ẹ ti parí eré.

Iṣẹ́ ìlà ojú táyà ni láti fa omi kúrò lábẹ́ rọ́bà. Bí omi bá pọ̀ ju èyí tí ìlà lè fà lọ, táyà yóò gòkè sórí omi, ọkọ̀ yóò sì léfòó. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, sítíárìn yóò fúyẹ́ lọ́wọ́, bíréèkì kò ní ṣe nǹkan kan. Iyára tí èyí ti ń bẹ̀rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bí ìlà bá ti jẹ tán, bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá kéré, tàbí bí táyà bá fẹ̀ jù. Àwọn táyà tí nọ́mbà wọn jẹ́ 100 tàbí tó sún mọ́ ọn kò ní ìlà púpọ̀, nítorí pé rọ́bà tó kan ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń wá. Nínú omi tó dúró, wọ́n burú. Lójú tiwa, ẹni tí kò ní táyà ẹlẹ́ẹ̀kejì tí yóò pààrọ̀ kó tó gba ilé lọ kò gbọdọ̀ fi R888R tàbí irú rẹ̀ kúrò ní pápá ní Oṣù Kẹfà.

Bí a ó ṣe yan án

Fún ẹni tí kò tíì sá eré ju ìgbà márùn-ún lọ, ẹ má ra 200. Táyà tó di ilẹ̀ mú jù máa ń bo àṣìṣe awakọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń dákẹ́ títí di ìgbà tó bá já. Táyà bíi Pilot Sport 4S, tàbí irú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ mìíràn, máa ń han, á sì máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ yóò sì ti gbọ́ kó tó pẹ́ jù. Òun náà ni yóò gbé yín délé nínú òjò. Bí owó kò bá tó o, táyà tuntun láti ilé iṣẹ́ tí kò lókìkí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún kan lọ, sàn ju tókunbọ̀ olórúkọ ńlá ọlọ́dún méje lọ. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, nítorí orúkọ máa ń wu ni.

Ẹni tí eré ti mọ́ lára lè wá 200 nígbà náà, kó sì wá rìmù ẹlẹ́ẹ̀kejì fún wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó rà, irú kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi táyà tó dára méjì síwájú kó fi èyí tó ti gbó sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ yóò sì yí po.

Afẹ́fẹ́ inú táyà

Owó kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá jù lọ nínú eré yìí ni owó géèjì tó péye. Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni ẹ óò wọn afẹ́fẹ́, nítorí pé bí táyà bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi 0.1 bar lé sí i. Nọ́mbà tó wà lára ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní 2.2 bar ni, èyí tí àwọn ará Èkó yóò pè ní 32. Lẹ́yìn eré gígùn lórí pápá ó lè di 2.6. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rántí fi kún un padà kí ẹ tó gba títì.

Fún autocross, ṣọ́ọ̀kì ilé ìwé ti tó. Ẹ fi fa ìlà láti ojú táyà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ibi mẹ́ta, kí ẹ sá eré kan, kí ẹ wá wò ó. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti parẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ kó kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kéré, táyà ń dojú dé nínú kọ́nà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣì wà ní etí ojú táyà, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ táyà ń fi àmì onígun mẹ́ta kékeré sí etí náà, ibẹ̀ ló yẹ kí ṣọ́ọ̀kì parẹ́ dé. Bó ti ń gbóná sí i láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ẹ óò tún un ṣe.

Lẹ́yìn eré, ẹ fi ọwọ́ ra ojú táyà láti inú wá síta. Bí etí ìta bá ti ń gé kúrò, tí àárín sì wà bíi tuntun, táyà náà ń dojú dé, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un. Ẹ tún bóòtù rìmù fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ooru bíréèkì máa ń jẹ́ kí wọ́n tú díẹ̀.

Bí ẹ bá wá ní táyà eré lọ́tọ̀, ẹ má ṣe fi wọ́n sí ìta gbangba tàbí sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Oòrùn máa ń gbẹ́ rọ́bà, irú afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde lára mọ́tò iná mànàmáná sì máa ń mú kó sán. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ gbẹ wọ́n, kí ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, kí ẹ sì gbé wọn sínú yàrá tó tutù jù lọ nínú ilé.